Ta Ló Ń Jẹ Rósì?

Láti bí oṣù kan sẹ́yìn ni ìbéèrè àbúrò ìyá mi ti ń bá mi sùn, tó ń bá mi jí. Ìyá Rìskàt ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lọ́jà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ló ń tà. Táófíìkì ọmọ rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀. Ó pe gbogbo wa jọ, ó gbé fóònù síwájú wa, ó ní ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún àwọn ìyá wa lẹ́yìn Pókà, ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn síbẹ̀ kò mú nǹkan gidi wọlé. Rósì ni kí á gbìn, kí á máa fi ránṣẹ́ sí àwọn òyìnbó. Ó fi fídíò hàn wá: ilé ọ̀rá funfun lọ salalu, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń gé òdòdó, wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì. Kẹ́ńyà ni. Ó ní ọkọ̀ òfurufú ló ń kó o lóròòru.

Ìyá Rìskàt wò ó títí, ó ní, "Táó, ta ló wá ń jẹ ẹ́?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Táófíìkì ní, "Màámi, wọn kì í jẹ ẹ́, wọ́n ń fún ara wọn ni." Màámi ní ó dáa, tí wọ́n bá ti fún ara wọn tán ńkọ́? Táófíìkì ní á rọ, wọ́n á dà á nù. Ìyá Rìskàt kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ojú tó fi ń wo oníbàárà tó ní òun máa sanwó lọ́la ni.

Kì í ṣe ìbéèrè òpè, ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò lọ́kàn mi. Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, tí ẹnikẹ́ni kò fi bora, tó máa rọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, báwo ló ṣe ń wọ ọkọ̀ òfurufú ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ? (Ẹ má jẹ́ kí á fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ jù ṣá o. Aṣọ ẹbí tí a rà fún ìgbéyàwó tó kọjá, tí a kò ní wọ̀ mọ́, ta ló jẹ ẹ́?)

Òtútù ni wọ́n ń tà

Táófíìkì rí òdòdó nínú fídíò yẹn, kò rí òkè. Naivasha, níbi tí ọ̀pọ̀ oko rósì Kẹ́ńyà wà, fi nǹkan bíi mítà 1,900 ga ju òkun lọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bogotá ní Kòlómbíà ga tó mítà 2,600. Ẹ̀pẹ́ tiwa yìí, ọ̀sà ló ń bá ẹsẹ̀ wa ṣeré. Àwọn ibi gíga wọ̀nyẹn kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà oòrùn wọn ń ràn fún bíi wákàtí méjìlá lójúmọ́, láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù á mú. Òtútù òru yẹn ni kì í jẹ́ kí rósì kánjú tanná. Ó ń rọra dàgbà, igi rẹ̀ á gùn, orí rẹ̀ á sì tóbi. Tí a bá gbìn ín sí Pókà, á tanná, á sì dára lójú nínú ọgbà ilé, ṣùgbọ́n á yára là, igi rẹ̀ á kúrú. Gígùn igi yìí sì wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń díye lé rósì.

Àwọn tó dá òwò yìí sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó na kọ́bọ̀. Ní 1967, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, David Cheever, jókòó, ó ṣírò ibi tó dára jù láti gbin òdòdó tí wọn yóò máa tà fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Bogotá ni ìṣirò rẹ̀ já sí. Ní 1969, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi owó wọn dá oko sílẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, púpọ̀ nínú òdòdó tó ń wọ Amẹ́ríkà láti òkèèrè, pápákọ̀ òfurufú Miami ló ń gbà wọlé.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí òyìnbó kò gbìn ín sílé ara wọn? Wọ́n ń gbìn ín. Ìgbà òtútù ni wàhálà, torí wọ́n ní láti dá iná sínú ilé gíláàsì kí òdòdó má bàa kú. Ní 2007, Yunifásítì Cranfield ní Ìlú Ọba fi rósì Kẹ́ńyà wé ti Nẹ́dálándì. Fún ẹyọ 12,000, ti Kẹ́ńyà tú nǹkan bíi kílò 2,200 èéfín tó ń mú ayé gbóná jáde, ti Nẹ́dálándì tú tó 35,000, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti ka èéfín ọkọ̀ òfurufú mọ́ ti Kẹ́ńyà. Oòrùn ọ̀fẹ́ ni Kẹ́ńyà fi borí.

Nígbà tí wọ́n bá wá gé e, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá. Òdòdó tí wọ́n gé ti kú; kò tíì mọ̀ ni. Ó ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà tó wà nínú igi rẹ̀, bí ooru bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tètè jẹ ẹ́ tán. Nítorí náà, láti ọwọ́ ẹni tó gé e, inú omi ni, láti inú omi ó di kóódù rúùmù, láti ibẹ̀ ó di ọkọ̀ tó tutù, títí dé pápákọ̀ òfurufú Nairobi, títí dé Amsterdam. Ìwọ̀n òtútù tó jẹ́ 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń lé kiri. Tí ẹnì kan bá gbàgbé ìdì kan sínú oòrùn lójú ọ̀nà, ẹni tó máa rà á kò ní rí i lójúkan náà. Ó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí orí òdòdó tó tẹ̀ ba sára igi rẹ̀ lórí tábìlì onílùú òyìnbó. Wọn kì í kó o pọ̀ mọ́ èso tó ń pọ́n pàápàá. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n máa ń mú kí òdòdó mìíràn gbó ní kíákíá.

Nígbà tí mo ka gbogbo ìyẹn tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé rósì fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù nínú òwò rósì.

Oníjíípù tó ń wo oòrùn

Olúwo ni ìyókù ti yé mi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ bá Ìyá Rìskàt palẹ̀ ọjà mọ́. Iná kò sí láti àárọ̀, àwọn tó ń ta yìnyín sì ti ní kò sí. Obokún ńlá kan ló kù nínú báàfù rẹ̀, èyí tó ti ń pè ní náírà 15,000 láti ọ̀sán. Ọkùnrin kan tó gbé jíípù wá láti apá Lẹ́kí ti dúró lé e lórí. Ó fi ìka ṣí abẹ́ etí ẹja náà, ó rí i pé ó ṣì pupa. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní 7,000. Ìyá Rìskàt kò dá a lóhùn, ó bu omi wọ́n ẹja. Ọkùnrin náà kò sì lọ. Ó lọ dúró sídìí àwọn tó ń ta akàn, ó ń wo ojú ọ̀run. Oòrùn ló ń bá nájà.

Láìpẹ́, màámi ní 13,000. Ọkùnrin náà mi orí. Àwọn tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa ti ń tan iná tọ́ọ̀ṣì. Ó di 12,000. Ó di 11,000. Mo rí i lójú oníjíípù pé 9,000 ló ń retí, ó sì dá a lójú pé yóò dé ibẹ̀. Bí ìyá olóúnjẹ kan ṣe ń kọjá lọ, tí kò tilẹ̀ dúró, ó nawọ́: "Ìyá Rìskàt, mo mú un, ẹ bá mi dì í." 11,000 náà ló san. Oníjíípù sáré dé, ó ní òun ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ìyá Rìskàt ní, "Ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, sà. Ẹ kò mú un ni."

Bí wọ́n ṣe ń ta òdòdó ní Aalsmeer, nítòsí Amsterdam, nìyẹn gẹ́lẹ́. Ilé ọjà kan wà níbẹ̀ tó wà lára àwọn ilé tó fẹ̀ jù lágbàáyé. Royal FloraHolland ló ni ín. Wọn kì í ta á bíi gbàǹjo tí àwa mọ̀, tí ẹnì kan á ní ọgọ́rùn-ún tí èkejì á fi lé e. Aago ńlá kan ló wà lára ògiri, owó gọbọi ló ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò wá máa já wálẹ̀ wàràwàrà. Àwọn oníbàárà jókòó, ìka wọn wà lórí bọ́tìnnì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ni aago dúró fún, iye tó dúró sí ló máa san. Tí o bá kánjú, o ti san àsanjù. Tí o bá sì ní kó já díẹ̀ sí i, ẹlòmíì ti mú un. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀, ìdì mìíràn ti dé. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, orí kọ̀ǹpútà nílé ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

Òdòdó àti obokún kò lè dúró, aago sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò lè dúró, ẹni tó ń rà á á máa fi àkókò ná an ni. Nígbà tí a ń da omi báàfù nù, Ìyá Rìskàt sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ: "Ẹja tó bá rí yìnyín kì í bẹ ẹnikẹ́ni."

Ta ló wá ni aago?

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Mo rò pé èmi yóò bá àwọn olówó kan nídìí aago yẹn, àwọn tó jókòó sí Amsterdam tí wọ́n ń fi ojú kéré àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló ni ín. Ní nǹkan bíi 1911 sí 1912, àwọn tó ń gbin òdòdó ní Aalsmeer rí i pé àwọn alágbàtà ń fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì kó ara wọn jọ, wọ́n dá ibi tí wọn yóò ti máa tà á sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, títí dòní olónìí. Ẹni tó ń ta ọjà náà ló ni ìsọ̀, ló ni yàrá tó tutù, ló ni aago. Owó ṣì ń já lójú wọn bó ṣe já lójú Ìyá Rìskàt, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà ló ń bẹ̀rù ara wọn, kì í ṣe oníjíípù kan ṣoṣo tó ń dá wo oòrùn.

Ìyá Rìskàt náà ní ẹgbẹ́. Wọ́n ń dá èésú, wọ́n ń ra aṣọ kan náà nígbà ọdún iléyá, wọ́n sì máa ń lọ kí ẹni tó bá bímọ. Ṣùgbọ́n yìnyín, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń wá tirẹ̀. Mo rò pé tí wọ́n bá fi ìdajì owó aṣọ ọdún kan ṣoṣo dá kóódù rúùmù sílẹ̀, àwọn oníjíípù á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè mú ẹja. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní kí n wá sọ ọ́ lójú ìpàdé wọn, kí n rí ohun tí wọn yóò fi ojú mi rí.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ṣá. Àwọn oko ńláńlá ní Kẹ́ńyà ti ń yẹra fún aago díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Yúróòpù ṣe àdéhùn tààrà, iye tí wọn yóò san ti wà nílẹ̀ kí òdòdó tó kúrò lóko. Ìyẹn fini lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ súpámákẹ́ẹ̀tì náà ló máa sọ bí igi yóò ṣe gùn tó, irú ọ̀rá tí wọn yóò fi dì í, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dé.

Tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó parí. Rósì pupa tó bá dé ní ọjọ́ 15 oṣù kejì, kò sẹ́ni tó ń fi í bẹ olólùfẹ́ mọ́. Ní oṣù kẹrin 2010, òkè oníná kan bú ní Íslándì, Eyjafjallajökull, eérú rẹ̀ gba ojú ọ̀run, ọkọ̀ òfurufú kò lè wọ púpọ̀ nínú Yúróòpù fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà. Kòkó lè jókòó sínú àpò retí ọkọ̀. Rósì kò lè ṣe é. Wọ́n ń dà á nù ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù ní Kẹ́ńyà, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé ná. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo ayé, Aalsmeer fúnra rẹ̀ ló da òdòdó rẹpẹtẹ nù, torí aago já títí, kò rí ẹni dá a dúró. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko òdòdó Kẹ́ńyà lé ní 100,000, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ obìnrin. Tí Màámi bá tún bi mí ta ló ń jẹ rósì, àwọn ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn Pókà

Nígbà tí mo kó gbogbo èyí fún Táófíìkì, ó bínú. Ó ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í fẹ́ kí ọmọdé gbìyànjú nǹkan. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní kó má gbìn. Mo ní kó má gbin rósì.

Ooru wa kì í ṣe èèwọ̀ fún òdòdó. Tháílándì gbóná bí Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Bangkok sì fara jọ tiwa, pẹrẹsẹ, omi yí i ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ọ́kíìdì tí wọ́n ń gé tà fún gbogbo ayé. Àwọn ni aṣáájú nínú ọ́kíìdì ilẹ̀ olóoru. Òdòdó tí ooru bí kò tilẹ̀ fẹ́ òtútù rósì. Hẹlikóníà, tí ẹnu rẹ̀ dà bí àgógó ẹyẹ tó sì ń hù nínú ọgbà àwọn kan níbí láìsí ìtọ́jú, tí o bá gbé e sínú òtútù tó lọ sísàlẹ̀ 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, dúdú ló máa dú. Ìyẹn ni pé kò bèèrè kóódù rúùmù olówó iyebíye. Bẹ́ẹ̀ sì ni Lẹ́kí kò jìnnà sí wa. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n ń wá ewé tútù àti òdòdó gidi tí wọn yóò fi bo ike Ṣáínà tí wọ́n tò sí gbọ̀ngàn. Ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kún fún àwọn tó ń ta òdòdó inú ìkòkò. Èyí tí wọ́n gé, tó tutù, tó dé lásìkò, ni kò pọ̀.

Ti òkèèrè yẹn, kó fi í sílẹ̀ ná. Láti 2015 ni Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, torí wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ, ìyẹn oògùn apakòkòrò kan náà tí à ń fọ́n sí yàrá nítorí ẹ̀fọn. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta. Ní 2017, Mẹ́ksíkò dá sóbò wa dúró nítorí kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹrù. Sóbò gbígbẹ nìyẹn o, tó lè gbé inú àpò fún oṣù mélòó kan. Rósì Kẹ́ńyà pàápàá, Yúróòpù ti ń yẹ̀ ẹ́ wò gidigidi nítorí kòkòrò kan tó máa ń wọ inú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ti wà lẹ́nu òwò náà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí kò tíì lè gbé ewé tútù láti Pókà dé Ajah kó má rọ, kí ló ń wá ní Amsterdam?

Ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, a fi ẹnu kò sí i pé kí ó mú apá kan nínú ilẹ̀ náà, kí ẹ̀gẹ́ gba ìyókù. Hẹlikóníà àti ewé ló máa gbìn. Ó ti bá obìnrin kan tó ń ṣe dẹkoréṣọ̀n ní Ajah sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì ní kó kó díẹ̀ wá kí òun fi ojú rí i. Ìyá Rìskàt fọwọ́ sí i, ó ní owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, firísà ńlá ni kí wọ́n fi rà, kí ẹja òun náà lè máa bá òdòdó gbé inú rẹ̀. Mo ní rárá o, Màámi, firísà á pa òdòdó, yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ti tó o.

Ó wo Táófíìkì, ẹni tí yàrá rẹ̀ nìkan ló ní ẹ̀rọ amúlétutù nínú gbogbo ilé, ó ní, "Ṣé o ti gbọ́? Ìwọ á máa sùn ní pálọ̀ nìyẹn."